Bí Eyín Òòyà Ṣe Dé Ẹ̀yìn Ẹja Ọ̀bọ̀rọ́

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń fi gíláàsì ṣe àpótí omi sí pálọ̀, inú ìkòkò ni àwọn èèyàn ti ń sin ẹja nínú ilé. Láyé ìgbà náà, ẹja kan wà tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tí imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Kò ní ẹ̀gún kankan lára. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán láti orí dé ìrù, débi pé bí èèyàn bá fọwọ́ rà á, kò ní í mọ ibi tí ara ẹja ti parí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bọ̀rọ́ ni wọ́n ń pè é.

Ilé Àwẹ̀ró onídìrí ni Ọ̀bọ̀rọ́ ń gbé. Láwọyin, ọkọ Àwẹ̀ró, tó jẹ́ apẹja, ló mú un wálé láti odò. Ó fẹ́ kí wọ́n fi se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní àwọn kò ní í jẹ ẹ́.

Ìkòkò ńlá kan wà lábẹ́ òrùlé, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí Àwẹ̀ró ti ń di irun. Wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ dé ìdajì, kí omi òjò tó ń ṣàn láti orí ilé lè máa dà sínú rẹ̀. Omi yẹn ni Àwẹ̀ró fi ń rin irun àwọn oníbàárà rẹ̀. Láwọyin bu yanrìn odò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹja náà má baà máa ṣàárò ilé. Ibẹ̀ ni Ọ̀bọ̀rọ́ ń gbé.

Láràárọ̀, kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé, Àwẹ̀ró á kúnlẹ̀ sí etí ìkòkò. Á ju ekòló sínú omi, lẹ́yìn náà á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àdí kì í tán lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, nítorí àdí ló fi ń pa awọ orí àwọn obìnrin kó tó di irun wọn. Kí ọwọ́ náà tó kan omi rárá ni òórùn àdí ti máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Bí Ọ̀bọ̀rọ́ bá ti gbóòórùn àdí, á dìde láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, á wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ náà. Àwẹ̀ró á rà á láti orí dé ìrù.

“Ọ̀bọ̀rọ́ mi,” ni Àwẹ̀ró á wí, “ẹlẹ́yìn tó dán ju àdí lọ. Ṣé o jí ire?”

Ọ̀bọ̀rọ́ kò ní ọmọ, kò ní ará, odò sì ti jìnnà sí i. Ọwọ́ yìí ni ohun kan ṣoṣo tó kà sí ọrọ̀.

Nígbà tí òjò ọdún kan wá pọ̀, tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ìkòkò. Òkè omi ni tanwíjí máa ń wà, ìsàlẹ̀ sì ni Ọ̀bọ̀rọ́ ti ń jẹun. Ekòló ló mọ̀, kò wo òkè.

Ní ọjọ́ kan, Ìbídùn wá di irun. Ìyàwó kékeré kan nínú agboolé Àwẹ̀ró ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí Àwẹ̀ró ṣe bu omi sí i lórí ni Ìbídùn rí ohun kan tó ń jà pìtìpìtì lórí èjìká rẹ̀.

“Ìyáàlé mi,” ni ó wí, “ṣé ẹ̀fọn lẹ fẹ́ bá mi dì mọ́ irun ni?”

“Jókòó jẹ́ẹ́, ìyàwó.”

“Mo jókòó. Àmọ́ tí orí mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lóru, ẹ̀yin ni ọkọ mi máa wá bá.”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Láwọyin. Nígbà tó ti odò dé ní ọjọ́ kejì, ó mú Èpìyà kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ bọ̀, ó sì sọ ọ́ sínú ìkòkò.

Ẹ̀gún wà lẹ́yìn Èpìyà, wọ́n tò jọ, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sì so wọ́n pọ̀. Bí jìnnìjìnnì bá mú un, á gbé gbogbo wọn dúró gangan. Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, Èpìyà ti jẹ tanwíjí tó wà lókè omi tán.

Àwọn obìnrin wá wò ó. Ìbídùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òòyà ló gbé sẹ́yìn yẹn. Ẹja onídìrí gan-an nìyí.”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. “Òótọ́ lo sọ. Ọmọ iṣẹ́ ni ọkọ mi mú wá fún mi.”

“Èyí tó gùn gbọọrọ nísàlẹ̀ yẹn ńkọ́? Kí niṣẹ́ tiẹ̀?”

“Ìyẹn? Bí òwú bá tán lọ́wọ́ mi, màá fi kó irun fún ẹ.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Ṣùgbọ́n òjòwú kì í gbọ́ àwàdà. Ọ̀bọ̀rọ́ gbọ́ ọ nísàlẹ̀ ìkòkò, ó sì gbé e mì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ Àwẹ̀ró wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ra Ọ̀bọ̀rọ́ láti orí dé ìrù, ó sì bi í bóyá ó jí ire. Ṣùgbọ́n Ọ̀bọ̀rọ́ gbójú sókè, ó rí i pé Èpìyà ni ojú Àwẹ̀ró ń wò. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Ọwọ́ wà lára mi, ojú wà lára ẹlòmíràn.” Láti ìgbà náà ni ekòló ti ń korò lẹ́nu rẹ̀.

Èpìyà kò mọ nǹkan kan. Ó wẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o. Ekòló yín kan já sọ́dọ̀ mi. Ẹ wá gbà á.”

“Jẹ ẹ́,” ni Ọ̀bọ̀rọ́ wí. “Ṣebí ìwọ ni wọ́n ń rí?”

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan. O kàn gbé òòyà sẹ́yìn ni, ò ń yan kiri.”

Èpìyà padà sókè.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan sì wà tó ń gbé ìdí ìkòkò náà, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń rin. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ọ̀pọ̀lọ́ yìí ti ń wo bí Àwẹ̀ró ṣe ń kúnlẹ̀ láràárọ̀. Ní tirẹ̀, ìgbálẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń kàn án lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fò sókè sí etí ìkòkò.

“Ọ̀rẹ́ mi,” ni ó wí, “mo gbọ́ pé o ti di òwú.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ìdí ìkòkò ni mò ń gbé. Kò sí ohun tí wọ́n sọ lókè tí kì í ṣàn wá bá mi.”

“Ọ̀pọ̀lọ́, kí ni wọ́n rí lára ọmọ yẹn?”

“O kò gbọ́ ni? Òòyà ni wọ́n rí. Èmi kò sì rò pé ìyẹn tó nǹkan. Òòyà tí kò ṣe é ya irun, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Bó bá jẹ́ pé òòyà Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ẹja kan nínú ìkòkò yìí, èyí tí ìyá rẹ̀ gbẹ́ fún un, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá, ẹja yẹn ni mo mọ̀ pé Àwẹ̀ró kò ní í gbé ojú kúrò lára rẹ̀ láéláé.”

Ó fò sílẹ̀, ó padà sí ìdí ìkòkò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a padà. Ó dúró lọ́kàn Ọ̀bọ̀rọ́.

Kò pẹ́ ni Ìbídùn tún dé. Ó ń lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, nítorí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ó ní ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni kí Àwẹ̀ró dì fún òun, kí ó sì rí wẹ́wẹ́, torí àwọn ìyàwó ilé bàbá òun mọ irun wò ju bí wọ́n ṣe mọ ènìyàn wò lọ.

Àwẹ̀ró ti di apá ọ̀tún tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya apá òsì nígbà tí òjò dé lójijì. Àwọn méjèèjì dìde pẹ̀lú ìkánjú. Ìbídùn ká ẹní, Àwẹ̀ró gbé àwo àdí, wọ́n sá wọlé. Àwẹ̀ró rò pé òòyà wà nínú ẹní tí wọ́n ká. Ìbídùn rò pé ó wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Òòyà sì wà nílẹ̀, níbi tó bọ́ sí, tí òjò ń pa á.

Omi kún ìkòkò dé etí. Ọ̀bọ̀rọ́ yọ orí, ó rí òòyà náà. Ilẹ̀ tó wà láàárín wọn tutù, ó sì ń yọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jáde,” ni Èpìyà wí. “Bí òjò bá dá, ẹ kò ní í lè padà.”

Ọ̀bọ̀rọ́ yọ́ gba etí ìkòkò, ó ń wọ́ bí ejò lórí ẹrẹ̀. Adìẹ kan tó rí i lábẹ́ òrùlé kígbe, ó sá wọ inú ilé. Ọ̀bọ̀rọ́ gbé òòyà náà sẹ́nu. Ó wúwo ju bó ti rò lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́ ọ padà títí ó fi bọ́ sínú omi.

Òòyà náà ń run àdí. Fún ìgbà díẹ̀, Ọ̀bọ̀rọ́ kàn sùn tì í ni, bí ẹni pé ọwọ́ náà ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló fi í mọ, ìtàn yìí kì bá tí sí.

Ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀yìn Èpìyà. Ó ki igi òòyà bọ inú yanrìn ṣinṣin, ó jẹ́ kí eyín rẹ̀ kọjú sókè. Ó wá dojú kọ òkè, ó fi ẹ̀yìn lé e, ó sì ń tẹ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Eyín òòyà ń wọ̀ ọ́ lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún. Ó pa á mọ́ra.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kúrò lórí ẹ̀,” ni Èpìyà wí.

“Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé a ó jọ ní in.”

“Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára yín.”

“Máa lọ jẹ tanwíjí rẹ.”

Òjò dá. Wọ́n tún tẹ́ ẹní sílẹ̀.

“Ìyàwó, òòyà dà?” ni Àwẹ̀ró bi í.

“Ọwọ́ yín ló wà.”

“Ọwọ́ èmi? Ṣebí ìwọ lo ká ẹní?”

Wọ́n gbọn ẹní, kò sí òòyà. Wọ́n wá inú ilé, wọ́n wá ojúde, wọn kò rí i. Ìbídùn fọwọ́ kan apá òsì orí rẹ̀ tó dúró ṣùṣù.

“Ìyáàlé mi, ṣé báyìí ni mo fẹ́ lọ pàdé àwọn ará ilé wa? Apá kan oko, apá kan igbó?”

Láwọyin tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe gbójú sókè. “Fi gèlè bò ó. Bí o bá débẹ̀, apá ọ̀tún ni kí o máa kọ sí wọn. Bí wọ́n bá pè ọ́ láti apá òsì, má dáhùn.”

Ìbídùn ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìyá rẹ̀ ti kú. Òòyà yẹn nìkan ló kù tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti kàn.

Ó lọ sí etí ìkòkò láti fọ ẹrẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀. Òórùn àdí ṣáájú ọwọ́ rẹ̀ wọ inú omi.

Òórùn náà dé ìsàlẹ̀, ó bá Ọ̀bọ̀rọ́ níbi tó sùn sí lórí òòyà. Bí ó ti gbóòórùn rẹ̀ báyìí, ó gbàgbé gbogbo nǹkan. Ó dìde gẹ́gẹ́ bó ti máa ń dìde láràárọ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Igi òòyà wà nínú yanrìn, kò tẹ̀ lé e. Nǹkan kan dún kẹ́kẹ́. Eyín òòyà kán kúrò lára igi rẹ̀, gbogbo wọn sì dúró sẹ́yìn Ọ̀bọ̀rọ́.

Igi tó ṣẹ́kù yọ kúrò nínú yanrìn, ó léfòó sókè, ó sì dúró níwájú Àwẹ̀ró. Kò ní eyín kan mọ́. Àwẹ̀ró rí ilà tí ìyá rẹ̀ fín sí i lára.

Kí ó tó sọ ohunkóhun, Ọ̀bọ̀rọ́ ti dé abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń dúró de ìyìn. Ọwọ́ náà kò tíì gbọ́ ohun tí ojú rí. Ó rà á láti orí lọ sí ìrù, bí ìṣe rẹ̀.

Àwẹ̀ró fa ọwọ́ yọ. Ẹ̀jẹ̀ kán sínú omi.

Láwọyin sáré wá. Ó wo ìka ìyàwó rẹ̀, ó wo igi òòyà, ó wo ẹja. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ẹja, kò sì nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un.

“Ẹja tó jí òòyà,” ni ó wí, “ọbẹ̀ ló kàn án.”

“Mi ò lè se é,” ni Àwẹ̀ró dáhùn.

“Ó ba ohun ìní ìyá rẹ jẹ́.”

“Mo mọ̀. Mo ti fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ jù, Láwọyin. N kò lè gbé e kaná.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ omi. “Kí ló ń wá? Kí ni n kò fún un?”

Nísàlẹ̀ ìdí ìkòkò, Ọ̀pọ̀lọ́ pa ojú dé bí ẹni tó ti sùn látàárọ̀.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni Àwẹ̀ró fi parí irun Ìbídùn. Kò rí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n orí náà di orí ènìyàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró tún kúnlẹ̀ sí etí ìkòkò. Ó ti fi aṣọ wé ìka rẹ̀. Ó ju ekòló sínú omi. Òórùn àdí ṣàn wálẹ̀, Ọ̀bọ̀rọ́ sì dìde. Ọwọ́ náà sún mọ́ omi, ó dúró, ó sì padà.

“Ẹ̀yin ẹja,” ni Àwẹ̀ró wí, “ṣé ẹ jí ire?”

Kò pe Ọ̀bọ̀rọ́ lórúkọ. Kò sí ọ̀bọ̀rọ́ kankan níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó lọ tán, ẹja gígùn náà yíjú sí Èpìyà. “Inú rẹ dùn báyìí.”

“Inú mi kò dùn, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń jowú yín.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹnu ni wọ́n fi ń yìn mí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kí yín. Mo máa ń wà lókè láràárọ̀, mo máa ń wo ọwọ́ yẹn bó ṣe ń kọjá lára mi lọ bá yín. Òòyà tí ẹ ń wò lẹ́yìn mi yìí, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn mí rí.”

Ẹja gígùn lọ fi ẹ̀yìn ra ara ìkòkò, bóyá eyín òòyà yóò bọ́ sílẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ nígbà tó ń rà wọ́n. Nígbà tó ṣíwọ́, wọ́n tún dìde. Ìtìjú mú un. Ó walẹ̀ sínú yanrìn, ó bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bo ìrù rẹ̀, ó bo ojú rẹ̀. Imú rẹ̀ nìkan ni kò lè bò, nítorí bí òórùn àdí bá dé, ó fẹ́ mọ̀.

Ibẹ̀ ló wà títí òjò ńlá kan fi mú kí ìkòkò kún, tí omi sì ṣàn láti ibẹ̀ lọ sínú odò. Ó bá omi lọ. Ó bímọ lódò, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì bímọ, gbogbo wọn ló gbé eyín òòyà jáde láti inú ẹyin.

Láti ọjọ́ náà ni ẹja gígùn yìí ti ń ru ẹ̀gún sẹ́yìn. Ẹ̀gún náà dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí awọ tó so wọ́n pọ̀ bíi ti èpìyà, nítorí òòyà tí kò ní igi ni. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó bá fọwọ́ rà á ti ń fa ọwọ́ yọ kíákíá.

Àwọn tó ń sìn ín nínú àpótí gíláàsì lónìí ti mọ ìwà rẹ̀. Wọ́n máa ń bu yanrìn kíkúnná sí ìsàlẹ̀ fún un, wọ́n sì máa ń fi ìdérí bo òkè, torí bí omi bá kún dé etí, yóò jáde lọ wá ohun tó sọ nù. Àlejò á wo àpótí náà, á ní kò sí ẹja níbẹ̀. Onílé á ní kó tún un wò dáadáa.

Nínú yanrìn, imú ṣóńṣó kan yọ sókè. Ó ń retí òórùn àdí.